Igun Tí Rájí Rí Tí Kò Sọ

Gbé àkùkọ yẹn kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi, Wosilat, gbé e kúrò kí n tó fi ẹsẹ̀ gbé e fún ọ, kí o sì fìdí lé àpótí yẹn, nítorí o kò ní padà lọ láìgbọ́ tẹnu mi. Kí ni o ní ọkọ rẹ ní kí o wí? Ó dúpẹ́? Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Rájí, ọmọ àbúrò mi, pé ó mọ̀wàá hù, pé ó jẹ́ ọmọ tí a tọ́ nílé? Fọ́máànù Àbdùlsàlámì, olórí gbogbo káfíńtà tó wà ní ìsọ̀ òyìnbó, alága ìpàdé gbogbo àwa ọmọ ìlú wa tó wà ní Kàdúná, òun ló so àkùkọ kan lẹ́sẹ̀ tó fi rán ọ sí mi, pé òun dúpẹ́ tí ọmọ ọlọ́mọ gba ikú òun kú?

Má wò mí bẹ́ẹ̀. O gbọ́ tí mo ní “ó”, o ò ṣì mí gbọ́. Títí di àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, “wọ́n” ni mò ń pè é, bí mo bá rí i lókèèrè ní Túdùn Wàdá mo ti ń kúnlẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, èmi tí orúnkún ń dùn. “Wọ́n” yẹn ti tán nínú ilé yìí. Kó lọ wá a níbòmíràn.

Ìwọ kọ́ ni mò ń bá jà. Ìyàwó kékeré ni ọ́, ibi tí wọ́n bá rán ọ ni wàá lọ. Kò lè rán ìyáálé rẹ, ìyáálé rẹ mọ̀ mí, ó mọ̀ pé mi ò ní gbé ọ̀rọ̀ mì. Jẹ́ kí n máa ṣa ẹ̀wà mi lọ bí mo ṣe ń bá ọ sọ̀rọ̀, torí bí ọwọ́ mi bá dilẹ̀ báyìí, mi ò mọ ohun tó lè fi ṣe.

Ṣé o mọ iye ọdún tí Rájí fi kọ́ṣẹ́? Ọdún mẹ́rin, ní Ìbàdàn, lábẹ́ ọ̀gá kan tí kì í rẹ́rìn-ín. Ọdún àkọ́kọ́ látòkè délẹ̀, èérún igi ló ń gbá, ayùn ló ń pọ́n, wọn ò jẹ́ kó fọwọ́ kan pákó kan láti kàn án mọ́ òmíràn. Ó fara dà á. Bàbá rẹ̀ ti kú, ìyá rẹ̀ tó jẹ́ àbúrò mi wà nílé lápá Ìlọrin, ó ń retí ọjọ́ tí ọmọ máa parí. Nígbà tó parí, wọ́n fún un ní ìwé ẹ̀rí, ìwé tó ní òǹtẹ̀, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí i gàdàgbà. Àbúrò mi kò mọ̀wé kà, àmọ́ ó fi aṣọ funfun wé ìwé yẹn, ó gbé e lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní kó máa lọ bá mi ní Kàdúná, torí gbogbo ayé ló ń sọ pé Kàdúná ni wọ́n ti ń kọ́lé, pé òkúta tí èèyàn bá jù níbẹ̀, orí òrùlé tuntun ló máa bà lé.

Ọjọ́ tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin gan-an, kò tíì bu omi sójú, mo mú un wá sí ilé yín. Ìwọ fúnra rẹ lo gbé omi fún wa. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀. Ọkọ rẹ gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ní, “Ọmọ mi ni ọ́, bàbá rẹ kò kú,” ó wá bẹ̀rẹ̀ àdúà, ó ṣe é títí omijé fi bọ́ lójú mi. Ó ní ààyè káfíńtà kan ń bọ̀ wá ṣí sílẹ̀ ní ìsọ̀ àwọn, pé òun fúnra òun ni yóò mú un dé iwájú òyìnbó. Ó sì mú un débẹ̀, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó mú un débẹ̀, ó sì sin ín síbẹ̀.

Oṣù méjì tí a fi ń retí kí ààyè yẹn ṣí, ta ló tún òrùlé ilé ìdáná yín ṣe? Ta ló kan ibùsùn tí Jemilat ọmọ rẹ ń sùn lé? Ó mì rí? Dá mi lóhùn, ṣé ibùsùn yẹn mì rí? O rí i, o ń wolẹ̀. Kò gba kọ́bọ̀, kò béèrè, nítorí ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́, àbí kì í ṣe bàbá rẹ̀ ni ọkọ rẹ pe ara rẹ̀? Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ọkọ rẹ kò mọ ohun tí ọwọ́ ọmọ yẹn lè ṣe. Ó mọ̀ ọ́n ju òyìnbó lọ, ó mọ̀ ọ́n ju èmi lọ.

Wàá gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀, torí ó dá mi lójú pé ọ̀nà mìíràn ló gbà sọ ọ́ fún ìwọ. Àwọn méjì ni wọ́n pè, Rájí àti ọmọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Japhet. Òyìnbó kò bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ kankan. Ó mú wọn lọ sẹ́yìn ìsọ̀, ibi tí wọ́n gbé férémù ilẹ̀kùn kan tì sára ògiri, igi ọ̀gánwó, iṣẹ́ ńlá, tí wọ́n fẹ́ gbé lọ sí ilé tuntun tí wọ́n ń kọ́. Ó na irin tí àwọn káfíńtà fi ń wo igun sí Rájí, ó ní, “Wò ó dáadáa, kí o sọ fún mi bí nǹkan bá ṣe é.” Ẹni tó kan férémù náà sì dúró síbẹ̀, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó dé fìlà rẹ̀.

Ta ni ẹni náà? Àbí o kò mọ̀ ọ́n? Rájí kò béèrè, kò sẹ́ni tó sọ fún un, ṣùgbọ́n ọkọ rẹ ní àmì kan tó máa ń fi ìgbẹ́gi kọ sí ìsàlẹ̀ ohun tó bá kàn, ìlà méjì tó gba ara wọn kọjá, àmì yẹn wà lára ilẹ̀kùn àbáwọlé yín, gbogbo ìgbà tí Rájí bá wọlé yín ló ń rí i. Ó rí i lára férémù. Ó mọ ẹni tó ni iṣẹ́ tó wà níwájú òun.

Ó gbé irin sí igun ọwọ́ òsì lókè, ó tọ́. Ó gbé e sí igun ọwọ́ ọ̀tún, wàláì, irin kò kan igi, àlàfo tó wà láàárín wọn, ìka ọmọdé á wọ̀ ọ́. Ilẹ̀kùn tí wọ́n bá so mọ́ irú férémù bẹ́ẹ̀ kò ní tì láéláé, ewúrẹ́ á máa wọlé bá ìyàwó òyìnbó. Ọmọ tó kọ́ṣẹ́ fún ọdún kan péré á rí i. Rájí rí i. Ó gbójú sókè, ojú òun àti ti ọkọ rẹ ṣe mẹ́rin.

Kí ni ọkọ rẹ ṣe? Ó wúkọ́. Mo ní ó wúkọ́, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó wá gbé ọwọ́ sókè, ó tún fìlà rẹ̀ dé. Kí ni kí ọmọ tí a tọ́ nílé wá ṣe? Kó nàka sí iṣẹ́ ẹni tó gbọ́wọ́ lé e lórí ṣàdúà, lójú òyìnbó, lójú àwọn lébìrà tó ń ru pákó kọjá, kó ní bàbá kò mọ iṣẹ́ mọ́? Rájí gbé irin kúrò. Ó ní, “Ó dára, sà. Kò sí ohun tó ṣe é.”

Òyìnbó rẹ́rìn-ín. Ó ti mọ̀ pé ó wọ́, ohun tó fi ń dán wọn wò nìyẹn. Ó pe Japhet, ọmọ ìlú ibòmíràn, tí kò bá ọkọ rẹ tan, tí kò dọ̀bálẹ̀ fún un rí. Japhet gbé irin síbẹ̀, ó ní ó wọ́, sà. Ó parí. Japhet gbaṣẹ́. Mi ò bínú sí i o, ohun tí ojú rẹ̀ rí ni ẹnu rẹ̀ sọ, ta ló ń torí ìyẹn bá èèyàn jà?

Òyìnbó wá gba ìwé ẹ̀rí Rájí. Ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, ó ki kálàmù bọ tàdáwà pupa, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni yìí kò mọ igun wò, ó tọwọ́ bọ ọ́. Rájí ló kà á fún mi. Ìlà kan péré, Wosilat. Ibi yòówù kó gbé ìwé yẹn dé báyìí, ìbáà ṣe Jọ́ọ̀sì, ìbáà ṣe Kánò, kó tilẹ̀ padà sí Ìbàdàn, wọ́n á yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, wọ́n á rí pupa, wọ́n á ní kó máa lọ. Àti pé kò lè tọ́jú ìwé náà pamọ́, ta ló ń gba káfíńtà tí kò ní ìwé sí ìsọ̀ òyìnbó? Ọdún mẹ́rin ti wọ inú tàdáwà yẹn. Àbúrò mi nílé kò tíì gbọ́, mi ò mọ ẹni tí màá rán sí i.

Ibi tó dùn mí jù rèé, fetí sílẹ̀. Japhet ti sọ pé ó wọ́. Àṣírí ti tú. Òyìnbó ti mọ̀, lébìrà ti mọ̀, ẹyẹ orí igi ti mọ̀. Kí ni ọkọ rẹ tún kù tó ń pa mọ́? Bó bá lanu nígbà yẹn, kó kàn ní, “Ọ̀gá, ọmọ yìí rí i, èmi ló ń bọ̀wọ̀ fún,” kí ni ì bá sọ nù tí kò tíì sọ nù tẹ́lẹ̀? Ṣùgbọ́n ó dúró síbẹ̀ bí òpó, ó ń wo tàdáwà bó ṣe ń gbẹ. Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Tò, àgbà tiwa wà lọ́jà. Ó ń wo orí ọmọ bó ṣe ń wọ́, ó ń tún fìlà dé.

Rájí wọlé bá mi ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ó kí mi dáadáa, ó ní, “Ìyá, wọn ò gbà mí.” Ó mú èédú nídìí ààrò, ó ya férémù yẹn sára ògiri mi, yíjú padà, òun ló wà lẹ́yìn rẹ yẹn, ó fi ìka hàn mí ibi tó ti wọ́, ó ro gbogbo rẹ̀ fún mi títí kan ìwúkọ́ yẹn. Mo ní kí ló dé tí o kò wí? Ó ní, “Bàbá wà níbẹ̀.” Ohun tó sọ kẹ́yìn nìyẹn. Ó wọ yàrá yẹn, ó fi aṣọ bo orí, láti Ọjọ́bọ̀ kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ẹ̀kọ tí mo gbé fún un, eṣinṣin ló jẹ ẹ́. Ó wà níbẹ̀ báyìí, ó ń gbọ́ wa.

O ṣì ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Mo mọ̀. Kò sẹ́ni tó ń torí ọpẹ́ nìkan so àkùkọ lẹ́sẹ̀. Ìyókù iṣẹ́ tí wọ́n rán ọ dà?

Tún un sọ. Mo ní tún un sọ, kí n gbọ́ ọ dáadáa. Ó ní kí Rájí yọ́ wá sí ẹ̀yìn ilé yín lọ́la, kó bá òun tú férémù yẹn, kó tún un kàn, nítorí òyìnbó ní bí òun kò bá gbé e wá ní títọ́ ní ọjọ́ Ajé, kí òun kó irinṣẹ́ òun máa lọ ilé?

Hàbá, Wosilat. Hàbá. Ṣé ẹni tí kò mọ igun wò náà ni? Ní ìsọ̀, lójú òyìnbó, Rájí kò mọ igun wò, ṣùgbọ́n bó bá ti yọ́ dé ẹ̀yìn ilé ìdáná yín, ojú rẹ̀ á là, ó mọ igun wò padà? Èwo ni kó tún lẹ́nu láti rán èèyàn ní irú iṣẹ́ yìí? Ẹni a ní kó kín wa lẹ́yìn fi ẹ̀gún sọ́wọ́, ẹ̀yìn ń ṣẹ̀jẹ̀, ó tún ní kí a yí ẹ̀gbẹ́ kejì sí òun.

Kí lo wí? Sọ ọ́ síta, má máa kùn. Ojú rẹ̀ ni? Láti ọdún tó kọjá? Pé bó bá di ọ̀sán ni ìlà máa ń di méjì lójú rẹ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni?

Mo gbọ́. Ojú kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Bàbá tó bí mi fọ́jú kó tó kú, èmi ni mò ń fà á lọ́wọ́ lọ sí mọ́ṣáláṣí, mi ò fi ojú ṣe yẹ̀yẹ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n dá mi lóhùn èyí: ojú tí kò rí igun ilẹ̀kùn, ṣé òun ló rí Rájí kedere tó fi wúkọ́ fún un? Ojú kọ́ ló ń ṣe ọkọ rẹ. Ọkọ rẹ fẹ́ kí gbogbo ayé máa kúnlẹ̀ fún òun lọ, kí ẹlòmíràn máa san gbèsè rẹ̀. Ìyẹn kò ní oògùn.

Má pa òwe yẹn fún mi. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, mo mọ ìyókù rẹ̀, ọkọ rẹ ló fi sí ọ lẹ́nu kí o tó kúrò nílé, ìgbà mélòó ló ti pa á fún wa ní ìpàdé? Ó ní tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọwọ́ tirẹ̀ wọ̀ ọ́, Wosilat. Ó wọ̀ ọ́ dé ìgúnpá, oúnjẹ ọmọ tí kò ní bàbá ló sì mú jáde níbẹ̀. Ìpàdé tó kọjá, àní ìpàdé tó kọjá yìí, ó fi gbogbo ọ̀sán bú àwọn ọ̀dọ́ pé wọn kò bọ̀wọ̀ fágbà mọ́, pé ọ̀làjú ti bà wọ́n jẹ́. Gbogbo wa ń mi orí. Èmi ni mo mi orí jù.

Èmi náà. Jẹ́ kí n sọ ọ́, láti Ọjọ́bọ̀ ni mo ti ń rò ó. Rájí kò ju ọmọ ọdún méje lọ nígbà yẹn. Mo lọ sílé fún iléyá, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ń pín ẹran, ó ní ọ̀nà mẹ́jọ ni òun pín in sí, ọmọ náà nàka, ó ń kà á, ó ní, “Bàbá, méje ni.” Méje sì ni. Èmi tí mo jókòó síbẹ̀ rí i pé méje ni. Èmi ni mo gbá a létí. Èmi, ọwọ́ tí mo fi ń ṣa ẹ̀wà yìí ni. Mo ní àgbà kì í ṣì lẹ́nu ọmọdé. Ọmọ náà wò mí, kò sunkún, ó wo ẹran náà padà, ó ní, “Mẹ́jọ ni, ẹ má bínú.” Mo yìn ín, Wosilat. Mo fà á mọ́ra, mo bu ẹran tèmi fún un, mo ní ọmọ dáadáa nìyí. Tá a bá ń wá ẹni tó kọ́ ọmọ náà láti rí i kó má sọ, kí a má lọ jìnnà. Ṣùgbọ́n èmi kò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín èmi àti ọkọ rẹ kò ju ìyẹn lọ, mo sì dì í mú ṣinṣin.

Nítorí náà, ohun tí wàá sọ fún un nìyí, sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́, má fi iyọ̀ sí i. Rájí yóò tún férémù yẹn kàn. Má dúpẹ́, mi ò tíì parí. Yóò tún un kàn, torí mi ò fẹ́ kí ebi pa Jemilat. Ṣùgbọ́n kì í ṣe lẹ́yìn ilé ẹnikẹ́ni. Níwájú ilé mi níbí ni, lójú ọ̀nà, lójú ọ̀sán gangan, kí ará Sábọ̀n tó ń lọ rí i, kí Hausa tó ń ti ọjà bọ̀ rí i. Bó bá ti parí, òun àti ọkọ rẹ ni yóò jọ gbé e lọ sí ìsọ̀, kí ọkọ rẹ dúró níwájú òyìnbó, kó ṣí fìlà tó ń tún dé yẹn, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ọmọ yìí ló mú un tọ́, pé ó rí igun yẹn ní Ọjọ́bọ̀, pé nítorí tòun ni kò ṣe sọ. Kí òyìnbó fagi lé ìlà pupa yẹn, kó kọ òótọ́ sábẹ́ rẹ̀. Bó bá fún un níṣẹ́, alihamudulilahi. Bí kò bá fún un, kó dá ìwé rẹ̀ padà fún un ní mímọ́, á gbé e lọ síbòmíràn.

Wọ́n á lé ọkọ rẹ? Bóyá wọ́n á lé e. Bóyá wọ́n á ní kó máa fi ẹnu darí, kí ọmọ tí ojú rẹ̀ ríran máa bá a wo igun, mi ò mọ inú òyìnbó. Ṣùgbọ́n ọkọ rẹ ti jẹun ogún ọdún nínú iṣẹ́ yẹn, Rájí kò tíì jẹ tòní. Bí ọkọ rẹ bá kọ̀, kó mọ̀ pé èmi fúnra mi á lọ, pẹ̀lú Hausa mi tó ń tiro yìí, lébìrà kan á bá mi túmọ̀ rẹ̀ fún òyìnbó, màá sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwúkọ́.

Kó yára sí i. Òyìnbó yẹn ń lọ sílé fún ìsinmi, ìdájí ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ń wọ ọkọ̀ ojú irin, oṣù mẹ́fà ni wọ́n ní yóò lò níbẹ̀. Òní Sátidé. Sọ fún ọkọ rẹ pé ó ní ọjọ́ mẹ́ta gbáko láti fi wá ìtìjú rẹ̀ tì síbì kan, kó má sọ pé a kò fún òun láyè.

Kí ni? Ta ló sọ̀rọ̀ yẹn? Rájí, ìwọ ni? Jáde síbí, sọ ọ́ sókè, mi ò gbọ́.

Mo ṣì? Èmi? Mo ṣì kí ni?

O ní ìsọ̀ ti tì fún òní. Ọ̀la ọjọ́ Àìkú, òyìnbó kì í ṣí. Ìdájí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọkọ̀ ojú irin á ti gbéra kí ẹnikẹ́ni tó dé ìsọ̀. O ní ọjọ́ mẹ́ta kọ́ ni, ọjọ́ kan ni, ọjọ́ Ajé nìkan?

Má dọ̀bálẹ̀. Mo ní dìde, mi ò bínú, kí lo ń bẹ̀ mí fún? Ẹ̀rín ló ń pa mí yìí. Wosilat, wò ó bó ṣe dúró, wo ojú rẹ̀, ó ń dúró de ìgbátí. O gbọ́ ohun tó sọ, àbí o kò gbọ́? Mo ṣì í, ó rí i, ó sì sọ. Ọjọ́ kan ni. Dìde lórí àpótí yẹn kí o máa sáré lọ sọ fún ọkọ rẹ.